Bí Alùpùpù Ṣe Ń Gbéra Láì Gbé Èrò Ṣubú

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ wa ní Pobẹ̀, ní Sakẹ́tẹ́ àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ẹ fà mọ́ ìdí rédíò. Bí ẹnì kan bá ń gun zẹ́míjàn nínú ilé yín, ẹ pè é wá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ó sì kan gbogbo àwa tó ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjọ́ ọjà ni. Òjò ti rọ̀ lóru. Ìyá kan dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì, ó pọn ọmọ. Zẹ́m dé, wọ́n di apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ìyá gòkè. Òkè ilẹ̀ pupa ló wà níwájú wọn, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọmọkùnrin náà tẹná gidi, ó sì tú ọwọ́ òsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Ọ̀kan nínú méjì ni. Ó lè jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan, á máa gbẹ́ ihò, alùpùpù á fì sọ́tùn-ún fì sósì, gbogbo wọn á sì dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé táyà iwájú á fò sókè, tí ìyá, ọmọ àti tòmátì á ré sẹ́yìn. Wọn ò tíì rìn tó mita márùn-ún o! Ọ̀nà ò tíì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbéra ló ṣe wọ́n.

Ẹ mọ̀ pé èdè Fọ̀n ni wọ́n ti mú orúkọ zẹ́míjàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "gbé mi kíákíá" lọ. Orúkọ yìí ló kó bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Wọ́n rò pé ẹni tí alùpùpù rẹ̀ bá ké jù, tí ó bá fò kúrò lójú kan bí ẹtu, òun ló mọ iṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: alùpùpù tó gbéra dáadáa kì í ké, kì í fò, táyà rẹ̀ kì í sì í yí lójú kan. Ẹni tó bá ń rọra tú ọwọ́ òsì ló ń yára dé.

Ẹ lè ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ń fi ìgbéra gba ife.

Eré ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní motocross. Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti ń sá a, nínú eruku, nínú ẹrẹ̀, lórí òkè àti gegele. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìdíje kan tí wọ́n ṣe ní Camberley ní ọdún 1924 ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń tọ́ka sí. Àwa aláwọ̀ dúdú náà ń sá a ní Áfíríkà: ọmọbìnrin kan wà ní Zimbabwe, Tanya Muzinda lorúkọ rẹ̀, láti kékeré ló ti wà nínú eré yìí. Ọmọ South Africa kan, Greg Albertyn, sì gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 1992, 1993 àti 1994.

Nínú ìdíje ńlá, wọ́n lè tó 40 lórí ìlà kan ṣoṣo. Irin ìdènà wà níwájú táyà wọn. Ẹnì kan á gbé pátákó sókè láti fi hàn pé ó ku sẹ́kọ́ńdì díẹ̀, lẹ́yìn náà irin á wó lulẹ̀, gbogbo wọn á sì sáré lọ síbi kọ́nà kan tí kò gbà ju èèyàn díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kọ́nà yẹn ló ń rí ọ̀nà. Àwọn tó kù, eruku àti ẹrẹ̀ tí táyà ẹni iwájú ń tú ni wọ́n ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ìgbéra lọ́tọ̀, lójoojúmọ́, bí ọmọ iléèwé ṣe ń kọ́ a-b-d. Ẹ̀rọ wọn sì lágbára ju tiwa lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbéra: wọn kì í kàn já ọwọ́ òsì sílẹ̀. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀, àwọn ni wọ́n máa kẹ́yìn.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sá eré o! Ẹ má gbọ́ mi sódì. Wọn ò gbé aboyún, wọn ò gbé ọmọ iléèwé, wọn ò sì di ẹrù sẹ́yìn. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú kí táyà gbá ilẹ̀ mú la fẹ́ yá lọ́wọ́ wọn. Àwa tí ẹrù wà lẹ́yìn wa la tiẹ̀ nílò rẹ̀ jù.

Kí ló dé tí alùpùpù fi ń yọ̀ tàbí tí ó fi ń fò nígbà tó bá ń gbéra? Ẹ ronú sí ìyá tó fẹ́ ru agbọ̀n. Wọ́n bá a gbé e rù, ó wà ní ìkúnlẹ̀. Ṣé ó máa ń fò dìde? Rárá. Bó bá fò dìde, agbọ̀n á fà á sẹ́yìn. Ńṣe ló máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, á fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ tó le, á wá rọra na eékún. Bí alùpùpù ṣe rí gan-an nìyẹn. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti ilẹ̀. Bó bá ti ń ti ilẹ̀, iwájú alùpùpù á fúyẹ́, ìwúwo á bọ́ sẹ́yìn. Bí agbára tí a fún un bá ju bí ilẹ̀ ṣe lè dì í mú lọ, táyà á yọ̀, á máa yí lójú kan. Bí ilẹ̀ bá sì dì í mú gírígírí, àmọ́ tí ẹrù pọ̀ jù lẹ́yìn, iwájú á dìde. Ìgbéra tó dáa wà láàárín méjèèjì: ìwúwo á tó lẹ́yìn kí táyà lè di ilẹ̀ mú, á sì tó níwájú kí iwájú má fò.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí irin ìdènà tó wó, olùdíje motocross á ti sọ̀ kalẹ̀, á ti fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn tó fọ́n ká kúrò lẹ́yìn ìdènà, á ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ kó le. Ó ń ṣe ọ̀nà fún táyà rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó gbéra lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ẹ wo ibi tí táyà ẹ̀yìn wà. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, ẹ ti alùpùpù lọ síbi tó le, bó jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré. Ibi tí koríko kéékèèké hù sí tàbí ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà dáa ju ojú ipa ọkọ̀ tí omi dúró sí lọ. Ẹ wo táyà pẹ̀lú: bí ojú rẹ̀ bá ti dán, kò sí ọgbọ́n kankan tó lè mú kó di ẹrẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹrù. Ẹrù tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, kó sì súnmọ́ èrò. Bó bá yọ sẹ́yìn kọjá táyà, ó ti di ìkọ́ tó ń fa iwájú sókè. Ẹ pín in sọ́tùn-ún sósì dọ́gba. Ẹ dì í le, torí ẹrù tó bá ń mì máa ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbéra, á sì fa gbogbo yín dání. Bí gààrí, àgbàdo àti èrò méjì bá pọ̀ jù fún òkè kan, ẹ jẹ́ kí èrò kan fẹsẹ̀ rìn gun òkè náà. Ìtìjú kọ́ nìyẹn. Ọgbọ́n ni.

Ó wá kan ara. Olùdíje á jókòó síwájú lórí ìjókòó rẹ̀, á tẹ àyà síwájú títí orí rẹ̀ á fi wà lókè irin tó ń dì mú, á sì gbé ìgbúnwọ́ sókè. Kì í fà sẹ́yìn, kì í sì í fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ irin yẹn. Ẹ má ṣe rọ̀ mọ́ ọn, torí bí alùpùpù bá ta lójijì tí ara yín sì lọ sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún yín á yí iná sí i láì jẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú nìyẹn: ẹ̀rù bà á, ó fà sẹ́yìn, iná ń pọ̀ sí i. Ẹ fi itan gbá alùpùpù mú, kí ọwọ́ yín wà fún ìdarí. Ẹ̀yin èrò náà, ẹ sún mọ́ ẹni tó ń gùn ún, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ di í mú ní ìbàdí. Ẹ má ṣe na ọwọ́ sẹ́yìn láti di ẹrù mú nígbà tó bá ń gbéra.

A ti dé orí ọwọ́ òsì o, ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ pin sí. Ohun tí ọwọ́ òsì ń fún, àwọn mẹkaníìkì wa ń pè é ní embrayage. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní kúlọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fún un, ẹ ti ya ẹ́ńjìnì kúrò lára táyà. Bí ẹ bá tú u, ẹ so wọ́n pọ̀. Ibì kan wà láàárín fífún àti títú, tí ẹ máa rí i pé alùpùpù ń mì díẹ̀, tí ohùn ẹ́ńjìnì á sì sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mú. Olùdíje mọ ibẹ̀ bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìka kan tàbí méjì ló fi ń dì í. Á fún ẹ́ńjìnì ní iná tó tó, kò ní máa fi kún un kó máa dín in kù. Lẹ́yìn náà á tú ọwọ́ òsì dé ibi tó ti ń mú, á sì máa tú èyí tó kù bí táyà ṣe ń gbà á. Bí táyà bá fẹ́ yọ̀, á tún un fún díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún dúró jẹ́jẹ́. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́.

Àwọn kan lára yín ń gun alùpùpù tí kò ní embrayage lọ́wọ́ òsì. Ẹsẹ̀ ni tiyín. Nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ irin ìyípadà jíà mọ́lẹ̀, ẹ ti yà á; nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó so pọ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹná nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná kéré, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ tó wá yí iná díẹ̀díẹ̀.

Jíà wo la fi ń gbéra? Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, àwọn olùdíje sábà máa ń fi jíà kejì gbéra, torí pé jíà kìíní máa ń ta jù, táyà á sì yọ̀. Ẹ̀yin náà lè dán an wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹrẹ̀ bá wà, tí ẹrù ò sì wúwo. Ṣùgbọ́n lórí òkè, pẹ̀lú èrò àti ẹrù, jíà kìíní ni o. Alùpùpù tiwa ò lágbára tó tiwọn. Bí ẹ bá fi jíà kejì gun òkè, ẹ́ńjìnì á kú, ẹ ó sì yí padà sẹ́yìn. Lórí òkè, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìjánu ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òsì wà nílẹ̀. Ẹ fún un níná díẹ̀, ẹ tú ọwọ́ òsì dé ibi tó ti ń mú. Ìgbà tẹ́ ẹ bá mọ̀ lára pé alùpùpù ti fẹ́ lọ síwájú ni kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìjánu. Kò ní yí padà sẹ́yìn.

Ojú ńkọ́? Ibi tẹ́ ẹ ń lọ ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe táyà iwájú. Ibi tí ojú bá lọ ni alùpùpù ń tẹ̀ lé. Àmọ́ níbí yìí, ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwa àti àwọn olùdíje, ìyàtọ̀ náà sì lè pa èèyàn. Wọn kì í wo ẹ̀yìn torí pé kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwa, lójú ọ̀nà ọlọ́dà láti Àjàṣẹ́ wá sí Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀, ọkọ̀ ńlá ń kọjá. Ẹ kọ́kọ́ yí orí wo ẹ̀yìn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ tó tú ọwọ́ òsì.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ọ̀họ̀rí ń gbọ́ mi, wọ́n sì ń sọ pé, "Ẹrẹ̀ tiwa ò rí bí tiyín." Òótọ́ ni. Ilẹ̀ dúdú tó wà lọ́dọ̀ yín, bí òjò bá ti lù ú, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ó ń kún àárín táyà àti irin tó bò ó lórí, títí táyà ò fi ní yí mọ́. Níbẹ̀, kò sí ìgbéra tó lè gbà yín. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí èrò sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi igi ha ẹrẹ̀ náà kúrò. Bí táyà bá ti gbẹ́ ihò fún ara rẹ̀, ẹ má ṣe máa tẹná. Ihò náà á jìn sí i ni. Ẹ ti ìmọ̀ ọ̀pẹ tàbí ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà, kí ẹnì kan tì yín láti ẹ̀gbẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn táyà gan-an, torí ẹrẹ̀ àti òkúta á ta sí i lójú. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlera. Ẹni tó bá ré sẹ́yìn lórí alùpùpù, orí àti ẹ̀yìn ọrùn ló sábà ń fi balẹ̀. Òfin ìlú wa sọ pé ẹni tó ń gun alùpùpù gbọ́dọ̀ dé akoto. Ó yẹ kí èrò náà dé e, torí èrò ló ń ré sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ṣubú tó fi orí lu ilẹ̀, tí ó ń bì, tí oorun ń kùn ún ju bó ṣe yẹ lọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹ má fa ọrùn rẹ̀, ẹ má sì ki omi tàbí àgbo bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ gòkè láti ọwọ́ òsì, torí ọwọ́ ọ̀tún ni páìpù èéfín sábà máa ń wà. Bí páìpù bá jó èèyàn lẹ́sẹ̀, omi tútù tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa dà sí i, fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká etí ìró àti ọ̀já yín jọ kí alùpùpù tó gbéra. Táyà àti ṣéènì máa ń fà á wọlé, á sì fa ẹni tó ró o lulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Ìgbéra alágídí ń jẹ embrayage, ń jẹ ṣéènì, ń jẹ ojú táyà. Ó ń jẹ epo pẹ̀lú. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, owó tí à ń ra kpayo ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Táyà tó bá ń yí lójú kan ń jẹ epo, kò sì gbé yín dé ibì kankan. Tòmátì tó bá fọ́, ìyá ọlọ́jà ló pàdánù rẹ̀, àmọ́ kò ní pè yín mọ́ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa kọ́ ọ? Ẹ lọ sí pápá kan tí kò séèyàn. Ẹ kọ́kọ́ gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì gbé nǹkan kan, kẹ́ ẹ sáà máa wá ibi tí ọwọ́ òsì ti ń mú. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú garawa kékeré kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ dì í mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, kẹ́ ẹ má sì dé e. Ẹ gbéra. Bí omi bá dà nù, ọwọ́ yín ti yá jù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí omi ò dà, ẹ ti tó gbé ìyá ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin èrò, ẹ̀yin náà ní ẹnu. Kẹ́ ẹ tó gòkè, ẹ wo táyà, ẹ wo bí wọ́n ṣe di ẹrù yín. Bó bá kan òkè tó ń yọ̀, ẹ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀, màá bá ọ lókè." Ọmọ tó bá gbọ́n ò ní bínú. Bó bá sì jẹ́ pé àgbà ló ń gbé yín, ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gbéra o." Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa bá ara wa sọ ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kẹ́ ẹ tó tú ká, ẹ jọ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí. Òkè tàbí ẹrẹ̀ wo ló máa ń gbé èèyàn ṣubú jù lábúlé yín, ta ló sì lè bá yín kó òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ kí òjò tó dé? Èèyàn mélòó nínú zẹ́m yín ló ní akoto fún èrò? Ta ni nínú àwọn àgbà zẹ́m tó máa kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní eré garawa omi yẹn? Ẹ kọ èsì yín sílẹ̀, kí aṣojú yín mú un wá fún wa.

Títí dìgbà míì, ẹ fi ojú sí ọ̀nà, ẹ fi ọwọ́ òsì ṣe jẹ́jẹ́. A ó dé ọjà, a ó bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wa. Ó dàbọ̀ o.